Ẹgbẹ́ Ni Wá, A Kì í Ṣe Ègbé: Ìtàn Ojú-Ìwé Méjì Tó Dojú Kọ Ara Wọn

  Bí ìwé ìrántí ọdọọdún báyìí bá ti tẹ̀ wá lọ́wọ́, a mọ ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ ṣí: àárín gbùngbùn ìwé ni. Níbẹ̀ ni ojú-ìwé méjì ti máa ń dojú kọ ara wọn bí ilẹ̀kùn alápá méjì tó ṣí sílẹ̀, tí àwòrán àwọn olóyè ẹgbẹ́, ti àwọn ìyá wa nínú aṣọ ẹbí, àti ti àwọn ọmọ wa ń wò wá. Oníkálukú á máa wá ojú ara rẹ̀. Bó bá ti rí i, á wá orúkọ rẹ̀ lábẹ́ àwòrán.

Orúkọ yẹn gan-an ló fa àròkọ yìí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ṣùgbọ́n ẹ yọ àmì orí àti àmì abẹ́ kúrò lára ọ̀rọ̀ náà "Ẹgbẹ́", kí ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù: "Egbe". Àwa tí a gbó nínú èdè mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Ọmọ tí a bí sí Abuja ńkọ́, tó jẹ́ pé ilé ìwé ló ti ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó tún ń gbọ́ Hausa ní ọjà? Ta ni yóò sọ fún un pé kì í ṣe "ègbé" la kọ sí iwájú ìwé? Bákan náà ni ẹgbẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀ ṣe lè di ẹgbẹ́ ọmọ owó, tí Ọ̀fà sì lè di ọfà tí ọdẹ ń ta. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ó ní bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ìtàn rẹ̀ sì ti lé ní àádọ́jọ (150) ọdún.

ABẸ́ÒKÚTA NI ORÍSUN

Ní ọdún 1854, Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ CMS, gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ní ìparí ọdún 1859 ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá jáde níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Yorùbá nìkan ló kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀. Ọdún 1860 ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kún un. Ní 1867, nígbà rògbòdìyàn tí àwọn Ẹ̀gbá ń pè ní Ìfọ́lé, wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú, ìwé ìròyìn náà sì dákẹ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ gbáà ni títo ojú-ìwé láyé ìgbà náà. Òjé kékeré ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọjú sódì bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ìwé nínú dígí. Atòlẹ́tà á dúró níwájú àpótí oníhò púpọ̀, á máa ṣa lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á tò wọ́n di ìlà, ìlà á di òpó ọ̀rọ̀, òpó á di ojú-ìwé. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fi tàdáwà pa á, tí wọ́n á sì tẹ pépà lé e lórí. Bí lẹ́tà ẹ tàbí ọ tó ní àmì lábẹ́ bá tán nínú àpótí kí iṣẹ́ tó parí, atòlẹ́tà ní láti dúró de òmíràn, tàbí kí ó fi e àti o lásán dípò. Ẹ rí i pé kì í ṣe òní ni ìyà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àmì èdè wa.

Àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú nígbà èwe rẹ̀, tẹ ìwé lórí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ní 1875, ìpàdé kan wáyé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí sílẹ̀. Ní 1974, àtúnṣe míràn tún wáyé, èyí tó mú kí a máa kọ "ayé" dípò "aiye". Gbogbo làálàá yìí, torí kí ohun tí ẹnu sọ àti ohun tí ojú rí lórí ìwé lè bá ara wọn mu ni.

LÁTI ÒJÉ DÉ ABẸ ÀTI GÚLÚÙ

Láàárín ọdún 1920 sí 1930, ìwé ìròyìn Yorùbá pọ̀ bí eéṣú. Adéoyè Dénígà gbé Èkó Àkéte jáde ní 1922, E. A. Akíntán gbé Ẹlẹ́tì-Ọfẹ jáde ní 1923, D. A. Ọbasá bẹ̀rẹ̀ Yoruba News ní Ìbàdàn ní 1924, I. B. Thomas sì bẹ̀rẹ̀ Akéde Èkó ní 1928. Inú Akéde Èkó yìí ni ìtàn Sẹ̀gilọlá ti ń jáde díẹ̀díẹ̀ kó tó di odidi ìwé ní 1930. Ọ̀rọ̀ ló kún ojú-ìwé ìgbà yẹn fọ́fọ́, àwòrán kò tó nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ fi fọ́tò sí i gbọ́dọ̀ sanwó kí wọ́n gbẹ́ ẹ sára irin pẹlẹbẹ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn ẹni ńlá nìkan ni ojú wọn máa ń hàn.

Nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń lo fíìmù àti pléètì tó fẹ́lẹ́ dé, ìlẹ̀kùn ṣí fún àwòrán. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà yóò rántí Atọ́ka, ìwé eré oníbọ́tò tó bẹ̀rẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1960. Fọ́tò àwọn òṣèré wa ló kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì wà nínú bí àmù kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wọn. Àwọn tí kò fẹ́ràn ìwé kíkà tẹ́lẹ̀ pàápàá ń kà á. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́ bí a ṣe ń fi ojú tọ àwòrán lẹ́yìn láti apá òsì dé apá ọ̀tún.

Abẹ àti gúlúù ni wọ́n fi ń to ojú-ìwé nígbà náà. Wọ́n á tẹ ọ̀rọ̀ sórí pépà gbọọrọ, wọ́n á gé e, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí ńlá pẹ̀lú àyè tí àwòrán yóò wà, wọ́n á wá ya páálí náà ní fọ́tò. Bí ọ̀gá bá ní kí wọ́n sún ọ̀rọ̀ kan sókè, wọ́n á ṣí i, wọ́n á tún un lẹ̀. Iṣẹ́ náà le, ṣùgbọ́n àǹfààní kan wà nínú rẹ̀: ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá lè fi gègé onítàdáwà dúdú tọ́ àmì sí orí lẹ́tà àti sí abẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó ya fọ́tò. Ọwọ́ ènìyàn ń tún ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe ṣe.

ỌDÚN 1985: ILÉ ÌTẸ̀WÉ DÉ ORÍ TÁBÌLÌ

Ní oṣù Keje ọdún 1985, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Aldus ní ìlú Seattle, Amẹ́ríkà, gbé PageMaker jáde fún kọ̀ǹpútà Macintosh ti Apple. Paul Brainerd ni olùdásílẹ̀ Aldus. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé ìròyìn rí, ó sì mọ ìyà abẹ àti gúlúù. Orúkọ Aldus Manutius, atẹ̀wé ìlú Venice tó kú ní 1515, ló fi sọ ilé iṣẹ́ náà. Lọ́dún kan náà, Apple gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé LaserWriter jáde ní iye tó súnmọ́ 7,000 dọ́là. Èdè PostScript tí ilé iṣẹ́ Adobe ṣe ló ń bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀, tí lẹ́tà fi ń jáde ní dídán. Nígbà tí àwọn mẹ́ta yìí pàdé, ohun tó ń gba odidi gbọ̀ngàn tẹ́lẹ̀ wá gba orí tábìlì kan ṣoṣo.

Àwọn míràn tẹ̀lé wọn: QuarkXPress ní 1987, CorelDRAW ní 1989. Adobe ra Aldus ní 1994, ó sì gbé InDesign jáde ní 1999. PageMaker 7.0 ti ọdún 2001 ni àgbàdo ìkẹyìn nínú oko PageMaker. Adobe kò ṣe òmíràn mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní orílẹ̀-èdè wa, ìyípadà yìí ju ọ̀rọ̀ ẹwà lọ. Ní 1993, nígbà tí ìjọba ológun fòfin de The News, àwọn olóòtú rẹ̀ gbé Tempo jáde, ibi ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ ńlá ṣeé tì pa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà nínú kọ̀ǹpútà ṣeé gbé sábẹ́ abíyá sá lọ. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1996, Aláròyé tí Aláò Adédayọ̀ dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì fi hàn pé ìwé ìròyìn Yorùbá ṣì lè tà wàràwàrà.

BÓ ṢE DÉ GARKI

Garki jẹ́ abúlé àwọn Gbagyi, onílé wa, kí ẹnikẹ́ni tó máa pè é ní olú-ìlú. Òfin Kẹfà ti ọdún 1976 ló dá Agbègbè Olú-Ìlú Àpapọ̀ sílẹ̀, ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 sì ni ìjọba kó kúrò ní Èkó wá síbẹ̀ ní gbangba. Garki wà lára àwọn àdúgbò tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́. Area 1 ni ọ́fíìsì ìjọba tí gbogbo wa mọ̀ sí Old Federal Secretariat wà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló tẹ̀lé iṣẹ́ ìjọba wá, àwọn míràn tẹ̀lé ọkọ tàbí aya wọn, àwọn míràn sì tẹ̀lé ọjà.

Ibi tí Yorùbá mẹ́ta bá gbé pàdé, ẹgbẹ́ á wà níbẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá sì wà, ọjọ́ àjọ̀dún á wà, ìwé ìrántí á wà pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó fẹ́ kí ìwé dára máa ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Ṣómólú ní Èkó tàbí sí Ìbàdàn, á sì máa fi àdúrà sin ọkọ̀ tó ń kó o bọ̀. Díẹ̀díẹ̀, àwọn bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó ń tẹ lẹ́tà ìwáṣẹ́ àti ìwé ìpè ìgbéyàwó ní Garki ra kọ̀ǹpútà tó gbé PageMaker àti CorelDRAW, wọ́n sì ń to ìwé ìrántí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wá lè jókòó ti ẹni tó ń to ìwé, kó máa sọ pé, "Ẹ gbé Bàbá sókè díẹ̀, ẹ jẹ́ kí Ìyálóde wà lápá ọ̀tún."

Ẹni tó bá ń gba òpópónà Samuel Ládòkè Akíntọ́lá kọjá ní Garki II, kó rántí pé kí bàbá náà tó di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, olóòtú ìwé ìròyìn Daily Service ni. Iṣẹ́ ìwé títò kì í ṣe iṣẹ́ àjèjì sí àwọn tí a fi orúkọ wọn sọ títì.

BÍ A ṢE Ń TO OJÚ-ÌWÉ MÉJÌ

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ náà gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń sanwó rẹ̀ láìmọ bó ṣe ń rí. Ojú-ìwé A4 kan fẹ̀ ní mílímítà 210, ó ga ní 297. Bí méjì bá dojú kọ ara wọn, fífẹ̀ wọn di 420. Ẹni tó ń to ìwé á sọ fún kọ̀ǹpútà pé ojú-ìwé méjì-méjì ni òun fẹ́. Kọ̀ǹpútà á gbé wọn jáde pa pọ̀: èyí tó ní nọ́ńbà ìṣẹ́po méjì á wà lápá òsì, èyí tó ní nọ́ńbà àṣẹ́kù á wà lápá ọ̀tún. Lẹ́yìn náà, á fa ìlà tí a kì í tẹ̀ sórí pépà: ìlà etí ìwé, ìlà òpó ọ̀rọ̀, àti ìlà àárín níbi tí ìwé ti ṣẹ́po. Àwọn ìlà yìí dà bí okùn tí bíríkìlà ń ta kó tó to búlọ́ọ̀kù. Ilé tí a kò ta okùn fún, wíwọ́ ló máa wọ́.

Ohun mẹ́ta ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Èkíní ni àárín ìwé. Bí ẹ bá na àwòrán kan já ojú-ìwé méjèèjì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú ẹnikẹ́ni bọ́ sí ibi tí ìwé ti ṣẹ́po, nítorí ibẹ̀ á gbé e mì. Èkejì ni etí ìwé. Àwọ̀ tó bá fẹ́ kan etí gbọ́dọ̀ kọjá rẹ̀ ní mílímítà 3, kí funfun má bàa yọ lẹ́yìn tí ọ̀bẹ bá gé e. Ẹ̀kẹta ni fọ́tò. Èyí tó dán lójú fóònù lè má dán lórí pépà. Atẹ̀wé máa ń béèrè fún tó-tó-tó 300 nínú ínǹṣì kan, kí àwòrán má bàa rí wúruwùru.

Ẹ tún mọ ìdí tí a fi ń du àárín ìwé. Nínú ìwé olójú-ìwé 64 tí a fi pín-ìnì gán lẹ́yìn, ojú-ìwé 2 àti 63 ló wà lórí apá kan náà nínú pépà kan, 4 àti 61 bákan náà. Bí ẹ bá ro wọ́n pọ̀, 65 ni wọ́n máa ń jẹ́. Nínú gbogbo àwọn tó dojú kọ ara wọn, 32 àti 33 nìkan ló wà lórí pépà kan ṣoṣo. Àwòrán tó bá jókòó síbẹ̀ kò ní já sí méjì, àwọ̀ rẹ̀ kò sì ní yàtọ̀ lápá kan sí èkejì. Ipò ọlá ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn olóyè fi máa ń wà níbẹ̀.

IBI TÍ ÀMÌ GBÉ SỌNÙ

Ṣùgbọ́n bí ojú-ìwé ṣe ń lẹ́wà sí i, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ń gbọ́n àmì dànù. Kí ló fà á? Irú lẹ́tà tí àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ ń lò kò ní àyè ju 256 lọ, àwọn èdè Yúróòpù ló sì gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. PageMaker kò kúrò nínú àhámọ́ yìí títí tó fi kógbá sílé. Nítorí náà, oníkálukú ń dá ọgbọ́n. Àwọn kan fa ìlà sábẹ́ lẹ́tà. Àwọn kan gbé àmì ìdánudúró sábẹ́ e. Àwọn míràn lo irú lẹ́tà àkànṣe kan tó fi ẹ àti ọ sí ipò àmì míràn. Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà atẹ̀wé tí kò ní irú lẹ́tà náà, "Ọlọ́run" á di ohun tí ẹnu kò lè pè. Nígbà tó sú ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n fi àmì sílẹ̀ pátápátá. Gègé tó ń tún un ṣe lórí páálí kò sí mọ́.

Ìtura wá láti ọ̀nà jíjìn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ètò tí wọ́n ń pè ní Unicode fún lẹ́tà gbogbo èdè ayé ní nọ́ńbà tirẹ̀. Àwọn ará Vietnam ń lo ẹ àti ọ nínú èdè tiwọn, nítorí náà méjèèjì rí àyè níbẹ̀. Ṣ náà wà níbẹ̀. Èyí tó kù ni lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ tó tún ní àmì lórí, bí ẹ́ àti ọ̀. Wọn kò ní nọ́ńbà tiwọn. Lẹ́tà á kọ́kọ́ jókòó, àmì ohùn á wá gun orí rẹ̀. Irú lẹ́tà tí wọ́n ṣe dáadáa, bíi Noto, Gentium àti Charis SIL, máa ń gbé àmì náà sí ibi tó yẹ. Nínú èyí tí kò dára, àmì á yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí fìlà ọ̀mùtí.

Àwọn ọmọ wa náà kò káwọ́ gbera. Túndé Adégbọlá àti ilé iṣẹ́ Alt-i ní Ìbàdàn ṣiṣẹ́ lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe gbọ́ èdè wa. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá àkójọ orúkọ Yorùbá sílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní àárín àwọn ọdún 2010, pẹ̀lú ohun tí a fi lè tẹ àmì ohùn. Lónìí, fóònù ọwọ́ wa pàápàá lè tẹ Yorùbá tó pé.

IṢẸ́ TÓ KÙ FÚN WA

Bí bẹ́ẹ̀ bá rí, ẹjọ́ kì í ṣe ti ẹ̀rọ mọ́. Ẹni tó ń to ìwé ní Garki lè jẹ́ ọmọ Igbo, ó lè jẹ́ Tiv, ó sì lè mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni mowó, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ bóyá Ọlá ni tàbí ọ̀la. Àwa la gbọ́dọ̀ sọ fún un. Ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ṣe kò le. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì, kí akọ̀wé tó kó iṣẹ́ lọ. Ẹni tí kò bá mọ àmì orúkọ rẹ̀, kó bi ìyá rẹ̀ tàbí àgbà ilé. Ẹ fi orúkọ náà ránṣẹ́ ní títẹ̀, ẹ má fi àwòrán pépà ránṣẹ́. Ẹ yan àgbà kan àti ọ̀dọ́ kan kí wọ́n jọ ka ojú-ìwé kí ó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ẹ gbà á ní PDF tó gbé irú lẹ́tà rẹ̀ sínú ara rẹ̀, kí ohun tí ẹ rí lè jẹ́ ohun tí wọn yóò tẹ̀.

Bí ìwé bá sì jáde tán, ẹ rántí òfin ọdún 1970 tó ní kí atẹ̀wéjáde fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí National Library. Ìwé tó wà nínú àpótí ìyàwó alága nìkan, eku lè jẹ ẹ́. Èyí tó wà ní ilé ìkàwé ni ọmọ-ọmọ yín yóò lọ wò lọ́jọ́ kan, tí yóò sì rí ojú bàbá-ńlá rẹ̀, tí yóò sì lè pe orúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ, bí kò tilẹ̀ tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Yorùbá rí.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ojú-ìwé méjì ni ẹ̀ṣọ́ tí a gbé wá sí ìdálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wọ̀ ọ́ tán, kí a má fi àmì sílẹ̀ nílé. Kí Elédùmarè jẹ́ kí á rí ọ̀pọ̀ ọdún sí i lórí ilẹ̀ alálàáfíà, kí orúkọ wa má ṣe parun. Àṣẹ. Ire o.